Kì í Ṣe Àpapọ̀ Ìwé àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ló Kùnà

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ wa lẹ́nu. Wọ́n ní a ti gbìyànjú rí láti pa iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sì so èso rere. Ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1982 ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí: ọmọ kò mọṣẹ́, kò sì mọ̀wé. Ibi tí wọ́n ń fàbọ̀ sí ni pé kí ọmọ tó mọ̀wé máa kàwé rẹ̀ lọ, kí èyí tí orí rẹ̀ kò gbàwé sì lọ kọ́ṣẹ́.

Èrò yìí kò ṣàdédé hù, n kò sì fojú ẹ̀gàn wò ó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1922, tó ní kí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà túbọ̀ fara mọ́ iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wa fura. Wọ́n mọ̀ pé ìwé ló ń sọni di agbẹjọ́rò àti dókítà, wọn kò sì fẹ́ kí òyìnbó tilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn ọmọ wọn. Ìfura wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí iṣẹ́ ọwọ́ gba ipò ìwé. Kí ọmọ kan náà kọ́ méjèèjì pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, àìfarabalẹ̀ ló sì ń jẹ́ ká máa fi ìdáhùn ti àkọ́kọ́ dáhùn èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ẹ̀rí 6-3-3-4 wò. Lóòótọ́, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 1977, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 1981, fi iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin, ẹ̀kọ́ iná àti yíya àwòrán iṣẹ́ sínú ẹ̀kọ́ ọmọ ní girama kékeré. Wọ́n kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá náà ló dípẹtà sí. Ilé tí wọn yóò gbé e sí kò sí, iná tí yóò fi ṣiṣẹ́ kò sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò sí. Ẹni tí kò dáná kò lè sọ pé ọbẹ̀ kò dùn. Ohun tí ọdún 1982 fi hàn ni pé a ra ẹ̀rọ láì múra sílẹ̀ fún un, kò fi ju bẹ́ẹ̀ hàn.

Níbi tí wọ́n ti múra sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tai Ṣólàárín dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ agbára, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò mọ̀wé. Ní Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa, Comprehensive High School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà kó ìwé àti iṣẹ́ sábẹ́ òrùlé kan náà.

Ohun kejì wà tí àwọn tó ń bú ètò 6-3-3-4 kì í sábà kà. Àtẹ̀jáde ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wá lẹ́yìn sọ bí wọn yóò ṣe pín àwọn ọmọ tó bá parí girama kékeré: ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí girama àgbà, 20 sí ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́kíníkà, 10 sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́, 10 sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́. Ìpínyà nìyẹn. Àpapọ̀ kọ́. Bí ọmọ bá wá parí girama àgbà láì mọ iṣẹ́ kankan, báwo la ṣe máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru àpapọ̀ tí kò wáyé?

Ó tún ku ọ̀rọ̀ orí tó gbàwé àti orí tí kò gbàwé. Mo gbà pé ẹ̀bùn àwọn ọmọ kì í dọ́gba. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọwọ́ kò béèrè ìwé kò tíì fara balẹ̀ wo bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́ rí. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á ta okùn mọ́ ọn. Ọ̀gá á fi tépù wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lórí okùn kan láti igun, á sàmì sí i. Á wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 lórí okùn kejì, á sàmì sí i. Á wá wọn àárín àmì méjèèjì. Bó bá jẹ́ 5 géérégé, igun náà gún. Bó bá lé tàbí tó dín, wọ́n á sún èèkàn. Ìṣirò Pythagoras tí olùkọ́ ń kọ sójú pátákó gan-an nìyẹn: 9 àti 16 jẹ́ 25. Akẹ́kọ̀ọ́ girama ń há a sórí láì mọ ohun tó wúlò fún. Ọmọṣẹ́ ń lò ó láì mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé bí ilé bá tóbi, 12, 16 àti 20 ni kí òun lò, nítorí àṣìṣe kékeré kì í tètè hàn lórí ìwọ̀n kúkúrú.

Èyí kì í ṣe àròsọ tèmi. Ní Amẹ́ríkà, olùwádìí ètò ẹ̀kọ́ kan, James Stone, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so olùkọ́ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ olùkọ́ ìṣirò lọ́dún ẹ̀kọ́ 2004 sí 2005. Àwọn olùkọ́ méjì yìí jọ wá ìṣirò tó wà nínú iṣẹ́ náà jáde, olùkọ́ iṣẹ́ sì fi kọ́ àwọn ọmọ. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àkókò wọn nìyẹn gbà. Nígbà tí ọdún parí, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú méjì lára ìdánwò ìṣirò mẹ́ta tí wọ́n ṣe, ìmọ̀ iṣẹ́ wọn kò sì fi nǹkan kan rẹ̀yìn. Nílé wa níbí náà, ọmọ tẹ́kíníkà tó ń jókòó fún ìdánwò NABTEB ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, yunifásítì sì lè fi èsì rẹ̀ gbà á wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ pé ibi tí ìwé parí sí ni tẹ́kíníkà wà.

Wọ́n á ní àkókò kò tó. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé ńṣe la kàn ń to iṣẹ́ lé orí ìwé. Àṣìṣe ètò girama àgbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011 nìyẹn: wọ́n to iṣẹ́ 34 sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì yan èyí tí ẹfun ìkọ̀wé nìkan tó láti fi kọ́. Lọ́dún 2025, ìjọba kéde pé iṣẹ́ mẹ́fà ni yóò kù, gbígbé sólà kalẹ̀ sì wà lára wọn. Dídín iye rẹ̀ kù dára, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ sólà yìí: fíríìjì tó ń jẹ wáàtì 150 fún wákàtí 8 yóò jẹ wáàtì-wákàtí (Wh) 1,200. Bátìrì olómi tó jẹ́ fóòtì 12 àti 200Ah gba 2,400Wh, kò sì yẹ ká fà á kọjá ìdajì. Ọmọ tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé bátìrì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ni, kò sì ní so gílóòbù kan ṣoṣo mọ́ ọn. Iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì nìyẹn. Nítorí náà, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń to àtẹ àkókò fi wákàtí físíìsì ti wákàtí sólà, kí olùkọ́ méjèèjì sì jọ múra ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí táàmù tó wọlé.