Àrò, 1954: Aláìsàn Kò Gbọdọ̀ Dá Wá

Bí a bá fẹ́ bú ẹnì kan l'Ékòó pé orí rẹ̀ ti dàrú, 'Yaba Left' la máa ń pè é. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn. Ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó ṣí ilé kan ní Yábà fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò jí pépé. Ibi ìtìmọ́lé ló jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ: aláìsàn á wọlé, ẹbí á padà sílé.

Ní 1954, dókítà ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adeoye Lambo, gba ọ̀nà mìíràn ní Àrò. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán nígbà yẹn. Lambo bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ pé kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, bóyá ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà lọ́sàn-án.

Aláìsàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò nínú ìtàn yìí. Olùtọ́jú ni àwa ń wò. Ní abúlé Àrò, ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé kejì. Nọ́ọ̀sì ò jìnnà. Onílé mọ ohun tó gbé e wá, kò sídìí láti fi nǹkan pamọ́.

Àwa tí a ní ọmọ ìyá tó jẹ́ àkàndá ní Festac àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin mọ òdìkejì rẹ̀. Nítorí àjọ̀dún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ Festac, kí àwọn àlejò láti gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lè jọ gbé ibẹ̀. Lónìí, kálukú ti géètì mọ́rí. À ń gbé àbúrò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, à ń gbé e gòkè. Oorun ò tó. Inú ń bí wa sí ẹni tí a fẹ́ràn, ìtìjú ò sì jẹ́ ká sọ ọ́. Bí a bá sọ ọ́, wọ́n á ní, 'Ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run á san án.' Àmín o, àmọ́ ta ló máa bá wa gbé e lọ́la?

Òfin wà. Èkó ṣe tirẹ̀ fún àwọn àkàndá ní 2011, ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 2019. Ní January 2023, òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò ti 1958. Ẹni tí à ń tọ́jú ni wọ́n ń dáàbò bò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ńkọ́?

A lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Bí ilé méjì ládùúgbò kan bá ní irú ẹrù yìí, kí wọ́n mọ ara wọn, kí ọ̀kan máa dúró ti àwọn méjèèjì ní Sátidé kí èkejì lè sùn. Bí oorun bá sì kọ̀ tí kò wá mọ́, tàbí tí ọkàn ń sọ pé ikú sàn jù, ká lọ rí dókítà. Yábà tí a fi ń bú ara wa yẹn, ilé ìwòsàn ni báyìí. Olùtọ́jú náà lè gba káàdì níbẹ̀.