Ìbọn Ìléwọ́ Lórí Òpó Ààfin, Ṣakabùlà Léjìká Ọdẹ

Igi ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ń gbẹ́, kò rọ irin rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ojú tí àwọn ará gúúsù Èkìtì fi ń wo ìbọn kúkúrú láyé ìjọhun, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òpó ààfin kan tó gbẹ́ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York láti ọdún 1996. Jagunjagun kan gun ẹṣin lórí òpó náà, obìnrin kan sì wà nísàlẹ̀ tó gbé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún dúró. Ọ̀kọ̀ wà ní ọwọ́ kan jagunjagun yìí. Ìbọn ìléwọ́ ló mú dání ní ọwọ́ kejì, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, tí òyìnbó ń pè ní revolver.

Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló di ìlú rẹ̀, lọ́dọ̀ Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló sì ti gba orúkọ kí ó tó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, gbé iṣẹ́ ààfin rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìlẹ̀kùn tó gbẹ́ níbẹ̀ ń sọ nípa ọjọ́ tí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá kí Ògògà: ọba jókòó, ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbé òyìnbó náà bọ̀ léjìká. Ìlẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá Wembley ní London ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ògògà kò tà á o. Àga ọba tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ta ló jèrè nínú pààrọ̀ náà? Kí ẹni tó bá débẹ̀ lọ wo ìlẹ̀kùn ní British Museum, kó sì dá a lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀.

Ìbọn kúkúrú nígbà náà, ohun ìbàdí ọ̀gá ni. Samuel Colt ti Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní 1836. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ń dà sínú ihò kọ̀ọ̀kan nínú ilé ọta rẹ̀ láti iwájú, ọta á tẹ̀ lé e, fìlà bàbà kékeré á wà lẹ́yìn ihò náà tí òòlù ìbọn yóò lù kí iná tó ràn. Ẹni tó ní irú rẹ̀ lè yìn ín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà kó tó tún un kì. Ní 1887, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ti Webley, èyí tí ọta rẹ̀ ti wà nínú kòròfo bàbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rọ sínú rẹ̀.

Àléébù ìbọn kúkúrú kò kéré. Ẹ̀tù dúdú ń fẹ́ àyè kó tó jó tán, bí ẹnu ìbọn bá sì kúrú, iná àti èéfín ni yóò kọ́kọ́ jáde, agbára tó yẹ kó ti ọta yóò dínkù. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹtu lórí ègùn kò rí nǹkan fi ṣe. Ṣakabùlà ni tirẹ̀, ìbọn gígùn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, tí òkúta ń ṣáná sí. Birmingham àti Liège ń rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu nígbà náà fún àwọn oníṣòwò etíkun.

Ogun Kírìjì ló fi han Èkìtì pé ìbọn ju ìbọn lọ. Láti 1878 ni Èkìtì Parapọ̀, tí Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, tí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé Iléṣà sì wá di olórí ogun rẹ̀, ti kọjú sí Ìbàdàn. Ṣakabùlà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí, wọ́n sì gba ọ̀nà ìlà-oòrùn, ọ̀nà Oǹdó tí Glover, Gómìnà Èkó, ti là, gbé e wọlé. Ìró ìbọn Èkìtì Parapọ̀ ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ. Látòóṣà ti Ìbàdàn, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni ibùdó tó tú.

Bí ogun ti ń parí lọ ni òyìnbó gbé òfin dé. Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba tó pàdé ní Brussels fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá dé ìlà 22 ní gúúsù. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán àti ẹ̀tù lásán. Bí ẹni ní kí ọdẹ máa lo ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ lọ, kí aṣojú ìjọba sì máa gbé revolver kọ́ ìbàdí ni. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀kan ló jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ wa, kò ka òfin Brussels.

Alágbẹ̀dẹ ni kò jẹ́ kí ṣakabùlà parun. Ìdí ìbọn tó fọ́, ó di ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ibi tí òkúta ti ń ṣáná, ó di ẹnu ewìrì. Nígbà tí fìlà bàbà wọ́pọ̀, alágbẹ̀dẹ kan náà ló ń bá ọdẹ yọ òkúta kúrò, tó ń ṣe ibi tí fìlà yóò jókòó sí.

Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà ní 1959 tún gba ọ̀nà tí Brussels là. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti oní-fìlà wà ní ìpín kẹta, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ lè ní in. Gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà ní ìpín kìíní, èyí tí a kà léèwọ̀, pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta àti bọ́ǹbù. Kódà ìbọn ìléwọ́ olókùúta kò yọ sílẹ̀. Nítorí náà, eré kí ènìyàn ra revolver oní-ẹ̀tù, kó gé ẹnu rẹ̀ kúrú, kó pààrọ̀ ìdí rẹ̀ bó ṣe wù ú, tí àwọn kan ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ló ń tọ́ka sí ní Ìkẹ́rẹ́.

Ní Oṣù Kìíní 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní Emùré ní Èkìtì, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ lọ. Àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn wà lára àwọn tó wọ igbó lọ wá wọn. Ìbọn arọ̀jò-ọta wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lónìí. Ṣakabùlà tí òfin gbà fún ọdẹ, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún kí wọ́n tó tún un kì. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ìpín mẹ́ta ti 1959 sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.