Ọ̀rẹ́ Ẹgbẹ́ Benders Tó Wà ní Ifẹ̀

Bí a bá ń pìtàn ẹgbẹ́ olórin, àwọn tó wà lórí ìtàgé la máa ń dárúkọ: ẹni tó ń lé orin, onígìtá, onílù. Ẹni tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́, àmọ́ tó ti ń bá wọn rìn láti ọjọ́ pípẹ́, a kì í mọ ibi tí a ó fi í sí. Ipò yìí ni Wọlé Ṣóyínká, òǹkọ̀wé eré, wà sí olórin Túnjí Oyèlànà àti ẹgbẹ́ rẹ̀, The Benders. Lójú tèmi, ara olórin ló yẹ kí á kà á mọ́, iṣẹ́ tó ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ sì ni ẹ̀rí mi.

Ìbàdàn ni wọ́n ti mọ ara wọn. Oyèlànà wà lára òṣèré Orísun Theatre tí Ṣóyínká dá sílẹ̀ ní 1964. Ní oṣù kẹwàá 1965, ẹnì kan já wọ ilé-iṣẹ́ rédíò níbẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Wọ́n fẹ̀sùn yìí kan Ṣóyínká, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di àdììtú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá kàn ti mọ̀ pé ohùn tó dé etí ará ìlú ni ìjọba ń bẹ̀rù.

Ní 1975 Ṣóyínká di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Opera Wonyosi, eré tó kún fún orin, ní oṣù kejìlá 1977. Nígbà ìjọba Ààrẹ Shagari, òun àti àwọn òṣèré Ifẹ̀ gbé eré kúrò nínú gbọ̀ngàn: Rice Unlimited ń bú àwọn tó fi ìrẹsì òkèèrè kó owó jọ, Priority Projects ń bú iṣẹ́ ìjọba tí kì í parí. Inú eré báyìí ni orin àwo Unlimited Liability Company ti jáde ní 1983, ọdún ìbò. Ṣóyínká ló kọ orin, Oyèlànà àti Benders ló gbé e jáde, pẹ̀lú èdè pídgìn tí gbogbo ènìyàn gbọ́: olè kékeré ń jìyà, wọ́n ń yẹ́ olè ńlá sí.

Ẹlòmíràn lè ní òǹkọ̀wé ni Ṣóyínká, pé iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni àwo náà. N kò gbà. Ọlọ́pàá lè tú èrò eré ká, àmọ́ ta ni yóò tú orin tí ènìyàn ń kọ nínú dánfó ká? Ohun tí eré kò lè ṣe ló fi orin ṣe, kò sì lè dá a ṣe láìsí Benders.

Àtakò kejì lágbára jù: Benders ti lórúkọ tipẹ́, Oyèlànà ní orin tirẹ̀ tó gbajúmọ̀, kí ló dé tí a ó fi gbé iyì rẹ̀ fún ọ̀jọ̀gbọ́n? Òótọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ yìí ná Oyèlànà lóhun tí ẹni tí wọ́n kàn háyà kì í san. Ní 1995, ó wà nínú The Beatification of Area Boy, eré Ṣóyínká tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Leeds. Ìjọba ológun Abacha ń lépa Ṣóyínká nígbà náà. Oyèlànà náà kò lè padà wálé mọ́, ó sì fi London ṣe ibùgbé.