Ìwọ́ra

Ìwọ́ra ni kí a fi ọwọ́ tẹ ara, kí a rà á, kí a sì nà án, kí iṣan tó le lè dẹ̀. Ní Òmùpo, ìlú Ìgbómìnà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, ìwọ́ra kò jìnnà sí òrí: igi ẹmi, tí a ti ń rí òrí, ń hù ní ọ̀dàn agbègbè náà. Òrí máa ń dì, ṣùgbọ́n bí a bá bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ tí a sì fi ọwọ́ méjèèjì rà á, ooru ara á yọ́ ọ. Ẹni tó ń wọ́ni á ti ọrùn bọ́ sí èjìká, á fi àtàǹpàkò wá ibi tó dì, á sì dúró lé e títí yóò fi rọ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gidi á tún béèrè nípa oorun, oúnjẹ àti làásìgbò ẹni náà, nítorí ìrònú a máa mú ọrùn le bí ẹrù orí.

Àwọn ọmọ jòjòló ló ń jẹ adùn ìwọ́ra jù, lọ́wọ́ ìyá àgbà, lẹ́yìn ìwẹ̀.

Ní Yúróòpù, Per Henrik Ling, tó dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm ní 1813, ni wọ́n sábà ń fún ní ìyìn ìwọ́ra òde òní. Ṣùgbọ́n Johan Georg Mezger, dókítà ará Netherlands, ni ìyìn náà tọ́ sí jù. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíò (physiotherapy), iṣẹ́ ìlera tó ní ìwọ́ra nínú, ní 1966.

A kì í wọ́ egungun tó dá, tàbí ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú tó ń gbóná. Ilé ìwòsàn ló kàn.