Ọgbọ́n Gàrí àti Májèlé Oko Kòkó

Májèlé méjì ló wọ oko kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún ogún, orúkọ kan náà sì ni àgbẹ̀ fi ń pe méjèèjì: oògùn kòkó. Èkíní ni òkúta aláwọ̀ aró tí wọ́n fi bàbà ṣe, tí wọ́n ń pò mọ́ ẹfun àti omi, tí wọ́n fi ń fín èso kòkó nígbà òjò kó má baà dúdú kó sì rà sórí igi. Ọ̀dọ̀ àwọn olóko àjàrà ilẹ̀ Faransé ni irú àpòpọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1885. Èkejì ni Gammalin 20, tí ẹnu àgbẹ̀ sọ di gamalíìnì, tó gbòde lẹ́yìn ọdún 1950 fún kòkòrò tí ń fa omi ara igi kòkó mu. Lindane ni agbára inú rẹ̀, ó sì le débi pé àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Lọ́dún 2009, àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ka lindane mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ṣùgbọ́n òfin kì í hú ohun tó ti wọlẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ohun ẹlẹ́mìí ń ṣe láti fi tú nǹkan, fi ń dùn létí: àwọn kan ní ó lè fọ ilẹ̀ oko mọ́. Ìtàn gbè wọ́n lẹ́yìn, ó sì tún pààlà fún wọn. Ẹ́ńsáìmù a máa tú ohun tí a so pọ̀. Ohun tí kò ní ìsopọ̀, kò rí i tú.

Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n àjèjì ni èyí, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Gúúsù Amẹ́ríkà ni gbágùúdá ti wá, àwọn tó sì ti oko ẹrú padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan iṣẹ́ gàrí kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Májèlé wà nínú gbágùúdá, ó so mọ́ ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù tó lè já a wà nínú gbágùúdá kan náà, àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí a bá rin ín, ògiri àárín wọn wó nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù á kan májèlé, sáyánáìdì á tú sílẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á bá omi ṣàn lábẹ́ jáàkì, díẹ̀ á sì bá ooru lọ nínú agbada. Ẹni tó bá kàn jù ú sínú omi híhó láìrin ín ti fi iná pa ẹ́ńsáìmù náà kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí a rin ín, kí a fún un lọ́jọ́ díẹ̀, kí a tó dáná sí i.

Ilẹ̀ oko náà ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Sethunathan àti Yoshida, jábọ̀ nípa bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú oko ìrẹsì ní Pilipíìnì, tí ń tú diazinon, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ní Jàpáánì, wọ́n rí òmíràn nínú oko ìwádìí kan tí wọ́n ti ń da lindane sí lọ́dọọdún fún ọdún 12. Klórínì mẹ́fà ló wà lára lindane. Ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ bakitéríà yìí ń yọ klórínì kúrò. Èkejì ń mú omi wá dí àyè klórínì tó bá já. Níkẹyìn, bakitéríà náà á fi ìyókù ṣe oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń fín láti pa kòkòrò di ọbẹ̀ fún ohun tí ojú kò rí. Ní Ọsirélíà, àjọ ìwádìí CSIRO lọ síwájú sí i. Wọ́n yọ ẹ́ńsáìmù tí ń tú irú oògùn bíi diazinon láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, ó sì dé ọjà ní orúkọ Landguard, kí àwọn olùsìn-àgùntàn lè dà á sínú omi olóògùn tí wọ́n fi ń wẹ ẹran wọn kí wọ́n tó dà á nù.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: bí ilẹ̀ bá lè wo ara rẹ̀ sàn, kí ló dé tí a kò fi í sílẹ̀? Ìdáhùn ni pé gbogbo oko kọ́ ló ní bakitéríà tó ti kọ́ iṣẹ́ náà, lindane sì lè pẹ́ nínú ilẹ̀ ju bí àgbẹ̀ ti lè dúró lọ. Ẹlòmíràn á ní, ẹ jẹ́ ká ra ẹ́ńsáìmù inú ìgò nígbà náà, ká wọ́n ọn sí oko. Àpẹẹrẹ Ọsirélíà gan-an ló ta ko ìyẹn. Omi tó dúró lójú kan ni wọ́n tọ́jú, níbi tí ẹ́ńsáìmù ti rí májèlé mú. Nínú oko kòkó, májèlé ti fọ́n ká, ó ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ àti ewé jíjẹrà. Ẹ́ńsáìmù kò sì lẹ́mìí, kò lè bímọ: oòrùn á bà á jẹ́, amọ̀ á dì í mú, owó á sì ti lọ. Ó sàn kí a bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a da èèpo kòkó tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ adìyẹ sí i, kí wọ́n lè pọ̀, kí wọ́n sì lókun.

Ibí yìí ni májèlé àkọ́kọ́ ti padà wá dí ọ̀nà. Bàbà kò ní klórínì tí a lè yọ, kò sì so mọ́ ṣúgà. Bàbà ni lónìí, bàbà ni títí láé. Gbogbo èyí tí baba fín sí oko, ọmọ ló jogún rẹ̀ mọ́ igi kòkó. Bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ilẹ̀, àwọn bakitéríà tí ẹ́ńsáìmù ti ń wá gan-an ló ń pa lára. Oògùn èso tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀tá àwọn tí ìbá tú oògùn kòkòrò. Ewé jíjẹrà àti ẹfun lè di bàbà mú kó má tètè ṣe ibi, ṣùgbọ́n dídì mú kì í ṣe pípa rẹ́. Nítorí náà, ìwọ̀n bàbà tí a ń fín lónìí ni ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ́ńsáìmù kankan kò ní bá wa dá sí i.

Ọgbọ́n gàrí pàápàá kò ṣàì ní gbèsè tirẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi jáàkì ń ṣàn sí, lẹ́yìn àpò tí wọ́n fi òkúta tàbí irin tẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, á máa rùn, koríko kì í sì fẹ́ hù níbẹ̀. Oúnjẹ ti mọ́ nínú agbada. Ilẹ̀ ló gba ìyókù.