Oúnjẹ Àbọ́sanra Màlúù ní Ilẹ̀ Haúsá

Láyé ìgbà tí a ń fi ẹsẹ̀ da màlúù láti Òkè Ọya wá sí Èkó, ẹran tí ó sanra nílé a máa rù kí ó tó dé ọjà. Ohun tí àwa tí ń jẹ ẹran náà kì í sábà rántí ni pé ọgbọ́n bíbọ́ màlúù sanra ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Haúsá tipẹ́tipẹ́. Wọn a so akọ màlúù mọ́ agbo ilé, wọn a sì máa gbé oúnjẹ wá bá a títí di ọjọ́ títà.

Pòròpórò ọkà bàbà ni ó pọ̀ jù lóko lẹ́yìn ìkórè, ṣùgbọ́n ikùn ni ó ń kún, agbára inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìtàkùn ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà, tí àwọn Haúsá ń pè ní harawa, ni ààyò wọn, nítorí pé èròjà amáradàgbà wà nínú rẹ̀. Wọn a kó o sí orí òrùlé àti sí ẹ̀ka igi kí ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀. Wọn a wá fi eèrí ọkà àti kóró òwú kún un. Ọkà fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀ níwájú ẹran, ènìyàn ni ó ń jẹ ẹ́. Bí a bá sì dà á sílẹ̀ lójijì fún màlúù tí koríko ti mọ́ lára, inú àpòlúkù rẹ̀ yóò kan, ó sì lè kú.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kánò ní 1912, oko ẹ̀pà gbilẹ̀. Hóró ẹ̀pà wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, ìtàkùn rẹ̀ kù sílẹ̀ fún màlúù wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fún òróró rẹ̀ tán lọ́hùn-ún, màlúù àwọn òyìnbó ni ó ń jẹ ìyókù, irú èyí tí a fi ń ṣe kúlíkúlí nílé wa. Kóró òwú pẹ̀lú gba ọ̀nà òkun lọ. Ohun tí ìbá gba màlúù wa là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń tà bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí ọgbọ́n nínú òwò náà.

Ọ̀dá 1972 àti 1973 pa màlúù púpọ̀. Ní 1975, àrùn kan tí kòkòrò tíntìnní ń gbé kiri run oko ẹ̀pà káàkiri àríwá. Òkìtì àpò ẹ̀pà Kánò, tí gbogbo ayé mọ̀, ni ìtàn ń dárò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bọ́ màlúù pàdánù harawa rẹ̀ pẹ̀lú.

Lónìí, ìdì ìdì ni a ń ta harawa lọ́jà, àwọn olùsìn adìẹ sì ń bá màlúù du eèrí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta màlúù nígbà Iléyá ní láti ṣírò iye ìdì tí yóò jẹ kí ó tó ra á.