Iṣẹ́ Ẹrú, Iṣẹ́ Ọmọ: Ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Gambari Gẹ́gẹ́ Bí Ikọ̀

Ní Ilé-Ifẹ̀, àgàgà ní àdúgbò Ìlódè tiwa yìí, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ àwọn Ẹmẹsẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Ibi tí ọba kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé, Ẹmẹsẹ̀ ni í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Ìlàrí ni irú wọn ní Ọ̀yọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ilé-kéú wa kan bi wá léèrè pé kí ni iṣẹ́ àwọn ikọ̀ tí ìjọba ń rán lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ìdáhùn kò jìnnà sí wa. A ní Ẹmẹsẹ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò dákẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Áfáà, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán an kò bá dára ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ni ó mú wa ronú kan ọmọ Ìlọrin kan tí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ikọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ibrahim Agboola Gambari.

Ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 1944 ni a bí i sí ìdílé ọba ní Ìlọrin. Ó kàwé ní King's College ní Èkó, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní London School of Economics ní ọdún 1968. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1974. Lẹ́yìn tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1985, ó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ Ọ̀gágun Muhammadu Buhari.

Ní ọdún 1990 ni wọ́n rán an lọ sí New York láti jẹ́ aṣojú Nàìjíríà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1999. Olórí ìjọba márùn-ún ni ó rán an níṣẹ́: Babangida, Ṣónẹ́kàn, Abacha, Abdulsalami àti Ọbásanjọ́. Òun ni alága ìkẹyìn fún ìgbìmọ̀ tí Àjọ náà gbé dìde láti bá ìyà tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà jà, títí tí ìyà náà fi dópin ní ọdún 1994.

Ọdún 1994 yìí kan náà ni ìdánwò ńlá dé. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ní oṣù kẹrin ni ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní Rùwáńdà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀ ọmọ ogun Àjọ náà ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe pa mẹ́wàá lára àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fẹ́ kí á kó ẹsẹ̀ kúrò. Gambari bá àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbè sẹ́yìn alágbára kankan sọ̀rọ̀ pọ̀ pé kí á fi kún ọmọ ogun ni, kí á má dín wọn kù. A kò gbọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Ìgbìmọ̀ fi ẹnu kò pé kí ọmọ ogun 270 péré ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tí ó dìbò kọ̀ ọ́, Nàìjíríà pẹ̀lú nawọ́ sí i.

Ní oṣù karùn-ún, ipò alága kan Nàìjíríà, Gambari sì jókòó sórí àga. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni Ìgbìmọ̀ yí ohùn padà pé kí ọmọ ogun 5,500 lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ̀ǹda wọn? Àwọn tí ó ní ọmọ ogun kò ní ọkọ̀, àwọn tí ó ní ọkọ̀ kò yára. Kí oṣù keje tó parí, nǹkan bí 800,000 ènìyàn ti kú.

Ìdánwò kejì ti ilé wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá pàápàá wà ní àtìmọ́lé nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, àjọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì dá Nàìjíríà dúró. Gambari ni ó ń gba ẹnu ìjọba sọ̀rọ̀ ní New York lójú gbogbo ayé. Títí di òní, àwọn kan ṣì ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn mìíràn ní bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó burú jù ú lọ ni ìjọba náà yóò rán.

Lẹ́yìn ọdún 1999, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀ ni ó ń rán an. Ó ṣiṣẹ́ ní Àǹgólà nígbà tí ogun ibẹ̀ parí. Ní ọdún 2007, nígbà tí àwọn ológun ilẹ̀ Bọ́mà ń lu àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tí ó ń wọ́de, òun ni Ban Ki-moon rán lọ. Agbára wo ni ó mú lọ? Kò sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, Ṣáínà àti Rọ́ṣíà ti fi ọwọ́ agbára wọn dá Ìgbìmọ̀ Ààbò dúró lórí ọ̀rọ̀ Bọ́mà. Gambari rí Aung San Suu Kyi tí wọ́n há mọ́ ilé, ó rí ọ̀gágun Than Shwe, ó sì gba Bẹ̀jíǹgì lọ láti rọ Ṣáínà kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní oṣù kọkànlá, òun ni ó ka ọ̀rọ̀ obìnrin náà sétí ayé ní Singapore. Síbẹ̀, wọn kò dá obìnrin náà sílẹ̀ títí Gambari fi gba iṣẹ́ Darfur lọ ní ọdún 2010. Ìparí ọdún yẹn ni ó tó jáde. Láti ọdún 2020 sí 2023, ọ̀jọ̀gbọ́n yìí tún jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì Ààrẹ Buhari ní Àbújá.

Kí ni a ó wá sọ fún ọmọ ilé-kéú wa? Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kọ́ ni bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́. Kò sọ fún ni pé gbogbo iṣẹ́ ni ó yẹ ní jíjẹ́. Ohùn tútù Gambari ṣe ilẹ̀ wa ní àǹfààní níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ohùn tútù kò lè sọ ikú àwọn ọmọ Ogoni di ohun mìíràn. A kò sí nínú ọkàn rẹ̀, a kò sì jókòó sórí àga rẹ̀, nítorí náà a kò ní dá a lẹ́jọ́ ju ohun tí ojú rí lọ.

Ṣùgbọ́n a rán ọmọ náà létí Ànábì Mùsá. Ikọ̀ ni òun náà. Ó bẹ Ọlọ́run kí Ó tú kókó ahọ́n òun, kí Ó sì fi Hárúnà kún òun, kí ó tó dojú kọ Firiaona. Ọ̀rọ̀ òdodo ni ó gbé lọ bá aláṣẹ. Ikọ̀ tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ aláṣẹ lọ bá òdodo, ẹrù rẹ̀ wúwo ju ti Mùsá lọ, kò sì sí Hárúnà tí yóò bá a gbé e.